Bí mẹkáníìkì bá ba ọkọ̀ jẹ́, ta ni yóò san án?

Láti Ìlaròó títí dé Ayétòrò, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí à ń gùn ló jẹ́ tòkunbọ̀ tó gba ọ̀nà Kútọnu wọlé. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wa, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni wọ́n sì ń sùn jù.

Iṣẹ́ àìbìkítà ló ń dùn wá. Bí ọkọ̀ bá ń gbóná, dípò kí wọ́n wá ibi tí omi ti ń jò, wọ́n á yọ thermostat sọnù. Epo tí ọkọ̀ ń mu á pọ̀ sí i, omi á ṣì máa jò. Ti bíréèkì ló burú jù: ẹlòmíràn á da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, rọ́bà inú rẹ̀ á wú, ọkọ̀ ò ní dúró mọ́. Ẹ̀mí ló wà níbẹ̀ o.

Kí ni ẹ̀sìn wí? Ní ìpìlẹ̀, ẹni tí a fi nǹkan ṣọ́ kì í san án bí kò bá jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n Sayyidina Ali wà lára àwọn tó ní kí oníṣẹ́ ọwọ́ máa san ohun tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí dúkìá àwọn ènìyàn má baà ṣòfò. Ohun tí mazhab Maliki tí à ń tẹ̀lé gbà náà nìyẹn, àfi bí oníṣẹ́ bá ní ẹ̀rí pé kì í ṣe òun ló fà á.

Bí oníbàárà bá sì fọwọ́ ara rẹ̀ ra ayédèrú páàtì lẹ́yìn tí mẹkáníìkì ti kìlọ̀ fún un, kó má bi í ní owó ìyẹn.