Ìlà Kẹrin
Ọjọ́ méjì ni make, tó ń bá wa kó prógíráàmù jọ, fi ń kọ eléyìí sí mi: "Makefile:4: *** missing separator. Stop." Mo wo ìlà kẹrin títí, n ò rí nǹkan kan. Mo bá fẹ̀sùn kan ọ̀rẹ́ mi pé òun ló ba iṣẹ́ wa jẹ́.

Ẹ gbọ́ o: ìlà tó bá ń pàṣẹ, Tab ló gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ spacebar lẹ́ẹ̀mẹrin, ó jọ Tab lójú, àmọ́ make ò ní gbà. (Láti 1976 tí Stuart Feldman ti ṣe é ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ó mà le o!) Ẹ tẹ cat -A Makefile, ibi tí Tab bá wà, ẹ ó rí ^I. Tiwa ò ní in. Èmi ni mo sì da ìlà yẹn kọ látorí fóònù.

Ó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Mo ti bẹ ọ̀rẹ́ mi, kò tíì dá mi lóhùn.