Ọkọ̀ Àṣírí Àwọn Ológun àti Pápákọ̀ Òfurufú Banjul

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Dagenham ló bi mí léèrè: kí ni NASA fẹ́ fi pápákọ̀ òfurufú Gambia ṣe? Ó ti rí i níbì kan pé wọ́n tún ibẹ̀ ṣe. Òótọ́ ni o!

Ẹ jẹ́ ká mú ìrìnàjò kan. Lálẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 1989, Discovery gbéra ní Florida. STS-33 ni wọ́n pè é, iṣẹ́ àwọn ológun Amẹ́ríkà ni. Èèyàn márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá wọn, Fred Gregory, ni adúláwọ̀ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó darí ìrìnàjò sí gbalasa òfurufú. Wọn ò sọ ẹrù tí wọ́n gbé fáráyé. Àsìkò tí wọ́n máa gbéra gan-an, àṣírí ni, àfi ìgbà tó ku ìṣẹ́jú 9.

Àmọ́ Space Shuttle kì í ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó jù ú nù. Ó máa ń padà wá, wọ́n á tún un lò. Ó ní apá bíi bàálù, ó sì ní táyà. Soyuz àwọn ará Rọ́síà lè fi páráṣúùtù bọ́ sí pápá tó tẹ́jú. Ti Shuttle kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà ìbalẹ̀ gígùn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́ nígbà tó bá ń balẹ̀, torí náà, bó bá tàsé, kò lè yípo padà wá.

Tí ẹ́ńjìnnì kan bá wá kú ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tó gbéra ńkọ́? Ó lè ti jìnnà jù láti padà sí Florida, kó má sì tíì ní agbára láti yí ayé po. Ẹ wo ayé róbótó, kì í ṣe máàpù pẹlẹbẹ. Ọkọ̀ tó bá dojú kọ ìlà-oòrùn tààrà láti Florida máa ń rọra tẹ̀ sí gúúsù; tó bá fi máa sọdá òkun, ọ̀ọ́kán Gambia ló máa yọ sí. Dakar ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n mú Yundum, pápákọ̀ Banjul, kún àwọn ibi ìdúródè, wọ́n fi iná àti ẹ̀rọ atọ́nà síbẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 35 péré ni láti Florida. (Láti Barking dé Heathrow ju bẹ́ẹ̀ lọ!)

Ibi tó gbà mí lọ́kàn jù nìyí: ẹrù àṣírí á ṣì wà nínú ikùn ọkọ̀. Ohun tí wọn ò sọ fún ará Amẹ́ríkà, ẹnu ọ̀nà àwọn ará Gambia ló máa gúnlẹ̀ sí. Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mò ń ṣe, bí sẹ́fà kan bá kú, òmíràn á gbaṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọ́jú ìkejì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ lè dé nígbàkigbà. O ò lè fi ẹ̀mí èèyàn márùn-ún sọ́wọ́ ẹni tí o ò sọ nǹkan kan fún.

Discovery balẹ̀ ní California lọ́jọ́ 27 oṣù náà. Títí wọ́n fi pa Shuttle tì ní 2011, kò sí èyí tó balẹ̀ sí Yundum rí. Bàálù àwọn tó ń sá fún òtútù London ló ń lo ọ̀nà ìbalẹ̀ náà báyìí.