Yunifásítì Wo ni Ọmọ Wa Yóò Lọ?

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa ní Ketu, Mile 12 àti Ikosi, bí àsìkò ìdánwò JAMB bá ti dé, ọ̀rọ̀ kan náà ni a máa ń gbọ́: "Dókítà ni ọmọ mi yóò ṣe." Bí máàkì kò bá wá tó, wọ́n á ní kí ọmọ gba ohunkóhun tí wọ́n bá fún un. Báyìí ni àwọn ọmọ kan ṣe ń bá ara wọn nínú ẹ̀kọ́ nípa sẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ń rò pé ìyà ni wọ́n fi jẹ àwọn.

Ìyà kọ́ rárá. Sẹ́ẹ̀lì ni ohun tín-ń-tín tó para pọ̀ di ara gbogbo ohun ẹlẹ́mìí. Ṣebí kí a tó so tọkọtaya pọ̀, ọ̀pọ̀ ìjọ ló ń béèrè jẹ́nótáìpù wọn? Nínú àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ló ń tẹ̀ bíi dòjé. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá 1 nínú 4 ni pé kí ọmọ jẹ́ SS. Àwọn tó kọ́ nípa sẹ́ẹ̀lì wà lára àwọn tó ń wádìí irú nǹkan báyìí.

Bí ọmọ bá wá fẹ́ ẹ tọkàntọkàn, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin.

Èkíní, ṣé wọ́n ń kọ́ ọ níbẹ̀? Orúkọ rẹ̀ kò rí bákan náà níbi gbogbo. Yunifásítì Èkó (UNILAG) ní Akoka, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, ní ẹ̀ka Cell Biology and Genetics. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, abẹ́ ẹ̀ka Zoology ni ẹ ó ti bá a.

Èkejì, ṣé àjọ NUC fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì náà? Yunifásítì lè ní àṣẹ, kí kọ́ọ̀sì kan nínú rẹ̀ má ní.

Ẹ̀kẹta, báwo ni láábù wọn ṣe rí? Ẹ fi ojú ara yín rí i. Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló ń lo máíkírósíkóòpù kan? Ṣé iná ń wà?

Ẹ̀kẹrin, owó àti ọ̀nà ńkọ́? Láti Ketu, a lè gba Ojota àti Maryland lọ sí Akoka. Ti LASU ní Ojo jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣírò owó ọkọ̀ tàbí owó ilé mọ́ ọn. Láti 2024, NELFUND ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé ìjọba lówó láìsí èlé. Ti aládàáni kò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ní 2022, ìyanṣẹ́lódì ASUU gba oṣù 8. Kálukú ní láti wo apò rẹ̀, kó sì wo sùúrù rẹ̀.

Kí ọmọ má fi Bàọ́lọ́jì àti Kẹ́mísìrì ṣeré. Kí ẹ sì yẹ ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB wò kí ó tó mú sọ́bújẹ́ẹ̀tì.

Àgbà ní í la ọ̀nà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ni yóò rìn ín. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà sọ tẹnu rẹ̀ kí ẹ tó kún fọ́ọ̀mù.