Èèwọ̀ àti Ìmúpadàbọ̀sípò Igbó: Àpẹẹrẹ Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo

Igi gbígbìn nìkan kọ́ ni ìmúpadàbọ̀sípò igbó. Ní ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1950, wọ́n ń gé igi àdáyébá ní Igbó Ọ̀ṣun, wọ́n sì gbin tíìkì, igi ilẹ̀ Éṣíà, sí apá kan rẹ̀. Tíìkì dára fún pákó. Oúnjẹ ọ̀bọ àti ẹyẹ kò pọ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Susanne Wenger, ìyẹn Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn àwòrò Ọ̀ṣun kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n tún fi ìdí èèwọ̀ àtijọ́ múlẹ̀: a kì í gégi, a kì í dọdẹ, a kì í pẹja níbẹ̀. Ìjọba dáàbò bo apá kan igbó náà ní 1965, ó sì fẹ̀ ẹ́ dé gbogbo hẹ́kítà 75 ní 1992.

Bí èèwọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé. Àgbà igi tí a kò gé ń so. Ọ̀bọ tí a kò pa ń jẹ èso náà, ó ń yàgbẹ́ kóró rẹ̀ síbòmíràn. Òjò rọ̀, ó hù. Iṣẹ́ tí ọgbà irúgbìn ń gbowó ṣe nìyẹn.

Àmọ́ odò kò mọ ààlà igbó. Ìwakùsà wúrà ní apá òkè odò ti sọ omi Ọ̀ṣun di ẹlẹ́rẹ̀, èèwọ̀ Òṣogbo kò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn awakùsà.