Àtọ̀gbẹ tó ń ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́: Ṣé lóòótọ́ ni exosome lè tún un ṣe?

Ọ̀pọ̀ ẹni tí àtọ̀gbẹ, ìyẹn ìtọ̀ ṣúgà, ti ń bá fínra tipẹ́ ló mọ ẹsẹ̀ tó máa ń ta bíi pé wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́, tàbí bíi pé iná ń jó àtẹ́lẹsẹ̀, pàápàá lóru. Tó bá yá, ìrora náà lè lọ, àmọ́ kì í ṣe pé ara ti yá. Ẹsẹ̀ ọ̀hún ni kò mọ nǹkan lára mọ́. Bàtà á bọ́ lẹ́sẹ̀ onítọ̀hún, kò ní mọ̀. Ìṣó á gún un, kò ní mọ̀. Egbò á bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, nígbà míì, ọ̀rọ̀ á sì di pé wọ́n fẹ́ gé ẹsẹ̀.

Ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń fà á. Ó ń ba iṣan tó ń gbé ìròyìn láti ẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ jẹ́, àti àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó ń bọ́ iṣan náà. Oògùn bíi pregabalin àti duloxetine máa ń dẹ ìrora, ṣùgbọ́n wọn kì í tún iṣan tó ti bàjẹ́ ṣe. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ exosome.

Kí wá ni exosome? Stem cell ni sẹ́ẹ̀lì tó ṣì lè di oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn; wọ́n ń rí irú rẹ̀ nínú mùdùnmúdùn eegun, nínú ọ̀rá, àti nínú ìwọ́ ọmọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ gún un sí ara ẹranko, wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú wọn kì í pẹ́ kú, síbẹ̀ ara ń jàǹfààní rẹ̀. Ohun tí sẹ́ẹ̀lì náà ń tú jáde ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn: àwọn àpò kéékèèké tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn lè tò sórí ìbú fọ́nrán irun kan ṣoṣo. Ẹ wò ó bíi waybill tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní gáréèjì. Ẹni tó fi ránṣẹ́ kò wọ mọ́tò, ẹrù rẹ̀ ló lọ. Ẹrù inú àpò yìí ni purotéènì àti microRNA tó ń sọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì tó gbà á yóò ṣe.

Lọ́dún 2020, àwọn olùwádìí ilé ìwòsàn Henry Ford ní Detroit, Amẹ́ríkà, gbé èsì iṣẹ́ wọn jáde. Wọ́n fún àwọn eku tó ní àtọ̀gbẹ ní exosome. Ẹ̀jẹ̀ túbọ̀ rí ọ̀nà gbà dé ibi iṣan wọn, ìròyìn túbọ̀ ń yára kọjá nínú iṣan náà, ẹsẹ̀ wọn sì tún ń mọ nǹkan lára.

Àmọ́ eku ni o. Àtọ̀gbẹ ogún ọdún lára èèyàn yàtọ̀ sí ti eku inú ilé ìwádìí. Ìwọ̀n tó yẹ kí wọ́n gún fún èèyàn kò tíì yanjú, bẹ́ẹ̀ ni exosome láti ilé iṣẹ́ kan kì í bá ti òmíràn dọ́gba.

Síbẹ̀, àwọn kan ti ń tà á. Ní December 2019, àjọ FDA ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ fáráyé lẹ́yìn tí àwọn aláìsàn kan ní Nebraska fara gbá látara irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kò fọwọ́ sí ọjà exosome kankan. Ẹni tó bá ń gba owó ńlá láti fi exosome wo ẹsẹ̀ yín, ohun tí wọn kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ló ń tà.

Ní báyìí, ẹ ṣọ́ ṣúgà yín. Ẹ máa yẹ ẹsẹ̀ wò lálaalẹ́, títí dé àárín ọmọ ìka. Tí ẹ kò bá lè rí àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ lo dígí tàbí kí ẹ ní kí ọmọ bá yín wò ó. Ẹ má fi ẹsẹ̀ dán omi gbígbóná wò, ọwọ́ ni kí ẹ fi dán an. Tí ẹ bá sì rí egbò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dùn yín, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.