Kí ló dé tí éèyi fi ń pa ọmọ tálákà ju ọmọ olówó lọ?

Láti October 2025 tí ìjọba àpapọ̀ ti gbé abẹ́rẹ́ tuntun jáde, èyí tó ń dènà rubella àti éèyi tí wọ́n ń kọ sára káàdì ọmọ pé measles, èsì kan kì í wọ́n lẹ́nu àgbà: "Ṣebí gbogbo wa la ṣe éèyi ní kékeré, kò sì pa wá?" Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tí kò pa ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ní 1956, dókítà àwọn ọmọdé kan, David Morley, ti Ìlú Ọba wá sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ìmẹ̀sí-Ilé ló ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìwádìí rẹ̀. Ní ìlú tirẹ̀, éèyi kì í ba òbí lẹ́rù: ní 1961, ó lé ní 760,000 èèyàn tí wọ́n ní ó ṣe ní England àti Wales, 152 ló kú. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, éèyi yìí kan náà wà lára ohun tó ń pa ọmọ wẹ́wẹ́ jù.

Oúnjẹ ni Morley tọ́ka sí. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, tó ń mu ẹ̀kọ lásán, kò ní agbára nílẹ̀. Bí éèyi bá wá dé, ẹnu á bó, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e, ọmọ á gbẹ. Ìdí nìyí tí Morley fi ṣe káàdì ìwọ̀n tí ìyá fúnra rẹ̀ ń tọ́jú sílé, kí wọ́n lè tètè rí ọmọ tí kò sanra mọ́.

Peter Aaby, olùwádìí ará Denmark, rí nǹkan mìíràn ní Bissau, olú-ìlú Guinea-Bissau, lẹ́yìn 1978. Ọmọ tó kó éèyi wálé láti ìta sábà máa ń yè é. Àwọn àbúrò tó kó o ràn nínú yàrá ni ikú ń pa jù. Ẹni tó ń sùn ti ọmọ tó ń wúkọ́ ń fa kòkòrò àrùn símú tọ̀sán-tòru, àìsàn á sì ti ràn kí ara tó gbára dì.

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ Aaby bá Ìbàdàn àtijọ́ mu gan-an. Láti ẹsẹ̀ òkè Màpó dé Bẹyẹrúnkà, agbo ilé fara ti agbo ilé, ìyá àtọmọ ń sùn sí yàrá kan. Ebi ń ṣe tiẹ̀, ṣùgbọ́n ó jọ pé yàrá tó há náà ń pànìyàn.

Ìwádìí 2019 fi kún un: éèyi lè pa ìdá 11 sí 73 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ́ nínú ààbò tí ara ọmọ ti ní sí àwọn àrùn mìíràn. Ọmọ tó yè é lónìí lè kú sọ́wọ́ àrùn ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa dárúkọ éèyi.

Ẹ yẹ káàdì ọmọ yín wò: oṣù 9 àti oṣù 15 ni abẹ́rẹ́ éèyi. Bí àyè kan bá ṣófo, ẹ gbé e lọ sí ibùdó ìlera tó sún mọ́ yín. Ọ̀fẹ́ ni.