Nígbà Tí Opó Bá Bi Ọlọ́run Léèrè

Ikú ọkọ tàbí aya a máa mi ìgbàgbọ́ ẹni tó kù. Ẹni tó ti ń gbàdúrà láti kékeré lè rí i pé àdúrà kò jáde lẹ́nu òun mọ́, tàbí kó máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kó sì jókòó síbẹ̀ bí àlejò. Kì í sábà jẹ́ pé ó ń ṣiyèméjì bóyá Ọlọ́run wà. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ibi tí Ọlọ́run wà lọ́jọ́ náà.

Ní Ṣàgámù Interchange, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà tó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde àti Benin, ìbéèrè yìí tún le sí i. Ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn yìí ni àgọ́ ìjọ Rìdíìmù àti ti Deeper Life wà. Ojú rẹ̀ náà ni ìjàm̀bá mọ́tò ti ń pa èèyàn. Kí mọ́tò tó gbéra, èrò á ti gbàdúrà pé kí àwọn má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Obìnrin tó ṣe àmín sí àdúrà yẹn láàárọ̀, tí wọ́n wá túfọ̀ ọkọ rẹ̀ fún lálẹ́, ó ní ohun tí yóò bi Ọlọ́run. Tó bá jẹ́ ìsọjí ni ọkọ ń lọ ńkọ́?

Láyé àtijọ́, Olódùmarè kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi. Wọ́n á lọ wádìí lọ́dọ̀ babaláwo bóyá orí ni àbí ọwọ́ ayé. Ẹ̀sùn kò kan Olódùmarè, àmọ́ ó lè já lé aládùúgbò lórí, tàbí opó fúnra rẹ̀. Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí, tí wọ́n gbà pé ọwọ́ Ọlọ́run kan ṣoṣo ni ẹ̀mí wà, kò rí ẹlòmíràn bi.

Àwọn tó wá kí opó ló sábà máa ń dá kún ìnira rẹ̀. “Ẹ kú àráfẹ́rakù” tó. Àmọ́ ẹni tó bá ní kó má sunkún, pé Ọlọ́run kì í ṣàṣìṣe, ń pa á lẹ́nu mọ́ ni. Ọjọ́ méje ni àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n lanu tán ni wọ́n bà á jẹ́, àwọn ni Ọlọ́run sì bínú sí nígbẹ̀yìn, kì í ṣe Jóòbù tó ń rojọ́. Ìsìláàmù náà fi àyè sílẹ̀ fún ìbànújẹ́: nínú ìtàn rẹ̀, Ọdún Ìbànújẹ́ ni wọ́n ń pe ọdún tí Khadijah, aya Ànábì, kú. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni Kùránì sì yà sọ́tọ̀ fún opó. Ní ti ọkùnrin tí aya rẹ̀ kú, ìyàwó tuntun ni àwọn èèyàn ń yára fi lọ̀ ọ́, bí ẹni pé aṣọ ló ya.

H.I.D. Awólọ́wọ̀, aya olóṣèlú Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tí kò jìnnà sí Interchange, pàdánù Ṣẹ́gun ọmọ rẹ̀ nínú ìjàm̀bá mọ́tò ní 1963, nígbà tí wọ́n ń bá ọkọ rẹ̀ ṣẹjọ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún 1987, ọkọ náà kú, nígbà tí ìgbéyàwó wọn kò tíì pé 50 ọdún. Ó lo ọdún 28 sí i kó tó kú ní 2015, kò sì fi ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà sílẹ̀. Oníwàásù tó bá ń fi irú ìtàn yìí bá opó tuntun wí kò ṣe dáadáa: ohun tí ayé rí lẹ́yìn ọdún 28 kò sọ bí òru ọdún àkọ́kọ́ ṣe rí. C.S. Lewis, tó ti kọ ìwé púpọ̀ láti gbèjà ẹ̀sìn Kristẹni, kọ ti òru bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ikú Joy aya rẹ̀ ní 1960. Orúkọ N. W. Clerk ló fi tẹ ìwé náà jáde ní 1961. Ó bínú sí Ọlọ́run nínú rẹ̀ gan-an, síbẹ̀ Kristẹni ló kú.

Ti ìṣègùn yàtọ̀ sí ti ìgbàgbọ́. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣì gbá èèyàn mú ju oṣù mẹ́fà lọ tí kò fi lè ṣiṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka èyí sí àìsàn tó ní ìtọ́jú; àwọn dókítà Amẹ́ríkà ní kó pé ọdún kan. Ẹni tó bá ń sọ pé òun fẹ́ bá olóògbé lọ kò gbọ́dọ̀ dúró de oṣù kankan. Àró, ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta, wà nítòsí. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ń lé èèyàn sá, àwọn tó ń wá síbẹ̀ kì í ṣe wèrè nìkan.